Émile Javal: Dókítà Ojú Tí Ó Wá Ìdí Bí A Ṣe Ń Kàwé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ó sún mi dé ìdí rẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà wa papò dà ní Datcha, ní ẹ̀bá Atakpamé ní orílẹ̀-èdè Togo, èmi ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn tí a ó kà níbi ìsìnkú. Èdè Ifẹ̀ tiwa níbẹ̀, èdè àwọn tí ìwé mìíràn ń pè ní Ana, ni mo fi kọ ọ́, nítorí pé ìyá kò gbọ́ Faransé nígbà tí wọ́n wà láyé, kò sì yẹ kí á fi èdè tí wọn kò gbọ́ sin wọ́n. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹni tí ó ń darí ètò fún wa. Mo gbé ìwé náà sínú ohun èlò kan lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí í máa sọ iye ìṣẹ́jú tí ìwé kan yóò gbà láti kà. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọkàn mi balẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú, àbúrò ìyá mi obìnrin dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n mọ ìwé Faransé kà dáadáa, wọ́n sì ti kọ́ bí a ti ń ka Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ìṣẹ́jú kẹwàá, wọn kò tí ì dé ibi tí ìyá ti bí àbíkẹ́yìn. Ẹni tí ó ń darí ètò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó. Títí di òní, àwọn àgbà ilé wa ṣì ń wí pé èmi ni mo gé ìtàn ìyá kù.

Kì í ṣe pé ohun èlò náà ya wèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ka iye ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé, kí ó sì fi iye ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà ní ìṣẹ́jú kan pín in. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ni mo kọ. Ó fi 250 pín in. Ó di mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún un pé 250 ni? Ojú ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó mọ̀? Ìbéèrè yìí ni mo ń tọ̀ kiri nínú ìwé títí mo fi bá orúkọ Louis Émile Javal pàdé. Àwọn dókítà ojú mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ìwé kíkà náà kì í sì í kọ ojú ìwé àkọ́kọ́ láìdárúkọ rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè nìkan ni a kì í sábà gbọ́ ọ. Ó sì yẹ kí á gbọ́ ọ, nítorí pé ọkùnrin yìí bá àwọn àmì orí lẹ́tà jà, ìjà tí àwa náà ń jà lójoojúmọ́.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún ọdún 1839 ni wọ́n bí i ní Paris. Léopold Javal, baba rẹ̀, jẹ́ onílé owó àti aṣòfin, ọmọ ìdílé Júù tí ó wá láti Alsace. Owó kò wọ́n wọn. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ni Émile kọ́kọ́ lọ kọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ìwakùsà, bí i pé abẹ́ ilẹ̀ ni yóò ti máa jẹun. Ohun tí ó gbà á kúrò níbẹ̀ ni ojú àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sophie. Ojú Sophie méjèèjì kò kọjú sí ibì kan náà: bí ọ̀kan bá ń wo ọ̀kánkán, èkejì a máa wo ẹ̀gbẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀bẹ ni ọ̀pọ̀ dókítà ń fi sí irú ojú bẹ́ẹ̀. Wọn a gé iṣan tí ó ń fa ẹyinjú. Javal kò fẹ́ kí ọ̀bẹ kan ojú àbúrò rẹ̀. Ó mú ẹ̀rọ tí a fi ń wo àwòrán méjì kí ó lè dà bí ẹyọ kan, ó sì fi ń kọ́ ojú Sophie bí a ti ń kọ́ ọmọdé ní ìrìn, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, fún ìgbà pípẹ́. Inú iṣẹ́ sùúrù yìí ni ẹ̀kọ́ kan ti jáde tí àwọn oníṣègùn ojú ṣì ń lò fún àwọn ọmọdé lónìí. Òun fúnra rẹ̀ fi ẹnjiníà sílẹ̀, ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó lọ sí Berlin lọ́dọ̀ Albrecht von Graefe, ògúnná gbòǹgbò nínú ìṣègùn ojú nígbà náà, ó sì gba oyè dókítà ní 1868.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè fi ọkàn sí. Kí ó tó gba oyè yẹn pàápàá, ní 1867, òun àti N. Th. Klein ti túmọ̀ ìwé ńlá tí Hermann von Helmholtz kọ ní èdè Jámánì lórí bí ojú ṣe ń ríran sí èdè Faransé. Ẹni tí ó bá ti túmọ̀ ìwé ìmọ̀ rí mọ̀ pé atúmọ̀ èdè kì í ka ìwé bí àwọn yòókù ti ń kà á. Gbólóhùn kan lè gbà á ní ọ̀sán gbọọrọ. N kò ní ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni Javal ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò nípa àkókò tí ìwé kíkà ń gbà, ṣùgbọ́n mo fura.

Ní 1878 ó di olórí yàrá ìwádìí nípa ojú ní Sorbonne, ó sì wà nípò náà títí di 1900. Níbẹ̀ ni òun àti Hjalmar Schiøtz, ọmọ Norway, ti ṣe ẹ̀rọ kan ní nǹkan bí 1881 tí ń wọn bí iwájú ẹyinjú ṣe tẹ̀ kọ́dọ́rọ́ tó. Orúkọ àwọn méjèèjì ṣì wà lára ẹ̀rọ náà títí di òní. Ní 1885 wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, ní ọdún kan náà sì ni ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti agbègbè Yonne. Ó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ti òṣèlú rẹ̀ kò kàn wá púpọ̀.

Èyí tí ó kàn wá ni pé ní ọdún 1881 àti 1882, ìjọba ilẹ̀ Faransé ṣe òfin pé kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí wọn má sì san owó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àìmọye ọmọ tí òbí wọn kò fọwọ́ kan ìwé rí ni ó jókòó ti ìwé. Ẹ̀rù ba àwọn dókítà. Wọ́n ń rí i pé bí ọmọ bá ti ń pẹ́ sí i ní ilé ẹ̀kọ́ ni kò fi í rí ọ̀ọ́kán mọ́. Javal wà lára àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kò dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìwé fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè: báwo ni lẹ́tà ṣe yẹ kí ó tóbi tó? Báwo ni ìlà ṣe yẹ kí ó gùn tó? Ìmọ́lẹ̀ mélòó ni ó yẹ kí ó wà nínú kíláàsì? Ó gbà pé ìlà kúkúrú sàn ju gígùn lọ, pé bébà tí ó pọ́n díẹ̀ bí i wàrà sàn ju èyí tí ó funfun báláú. Ẹni tí ó bá ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì tí ó ní fèrèsé kan ṣoṣo ní abúlé wa yóò gbà pé ìbéèrè rẹ̀ kò tí ì gbó.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Láàárín 1878 àti 1879, Javal tẹ ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ojú, nípa ohun tí ara ń ṣe nígbà tí ènìyàn bá ń kàwé. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn ni pé ojú a máa yọ̀ lórí ìlà wọ́ọ́rọ́wọ́, bí omi tí ń ṣàn nínú gọ́tà. Bí ìwọ tí ò ń ka èyí bá bi ara rẹ léèrè nísinsin yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe ọ́. Irọ́ ni. Ojú a máa fò, a dúró. A tún fò, a tún dúró, bí ológoṣẹ́ tí ń ṣa ọkà ní àgbàlá. Ìgbà tí ó bá dúró nìkan ni ó ń rí lẹ́tà. Nígbà tí ó bá ń fò, kò rí ohun kan tí ó ṣe é kà.

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé Javal ni ó rí i, pé òun ni ó sì wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, ó sì yẹ kí á fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1879, Ewald Hering ní Prague náà ń gbọ́ ìró iṣan ojú àwọn tí ń kàwé. Nínú yàrá ìwádìí Javal fúnra rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lamare ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó ṣe kókó jù: ó gbé ohun èlò kékeré kan ti ìpéǹpéjú òkè, ó sì fi ọ̀pá rọ́bà gbé ìró rẹ̀ wá sí etí. Bí ojú bá fò, a dún. Bí ó bá ti ìparí ìlà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, ìró náà a gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1892 ni Lamare tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Nípa etí ni a fi kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú ń ṣe. Ní 2009, àwọn òǹkọ̀tàn ìmọ̀ tún ìwé àtijọ́ wọ̀nyí yẹ̀ wò, wọ́n sì fi hàn pé Javal kò fúnra rẹ̀ wọn fífò ojú nínú ìwé kíkà. Òun ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí ó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀, Lamare ni ó kà á. Mo rò pé èyí kò bu Javal kù. Bí olórí yàrá ìwádìí bá bi ìbéèrè tí ó tọ́, tí ó sì fún ọmọ iṣẹ́ ní àyè láti dáhùn rẹ̀, kí ni a tún ń wá? Ṣùgbọ́n orúkọ Lamare yẹ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ kíláàsì wa, kò sì sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Amẹ́ríkà dé. Edmund Huey lẹ ìkòkò kékeré tí ó ní ihò láàárín mọ́ ẹyinjú àwọn ènìyàn, Raymond Dodge sì wá fi ẹ̀rọ ayàwòrán ṣe é kí ohunkóhun má baà kan ojú mọ́. Ìwé tí Huey tẹ̀ jáde ní 1908 ni ó kó gbogbo rẹ̀ jọ. Lónìí, ohun tí a mọ̀ ni pé ìdúró kan a máa tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan, pé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fífò kan a máa tó lẹ́tà méje sí mẹ́sàn-án, àti pé ojú a máa padà sẹ́yìn láti tún ohun tí kò yé e wò.

Ẹ wá jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìdúró mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 240 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìdúró kan bá gba ọ̀rọ̀ kan, 240 ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní 2019, Marc Brysbaert kó ìwádìí 190 jọ lórí kíka èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó rí ni 238 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan fún ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, bí ènìyàn bá ń kà á láìlanu. Bí ó bá ń kà á sókè, 183 ni. Bí òǹkà méjì àkọ́kọ́ yẹn ṣe súnmọ́ ara wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀nà kankan, nítorí pé ọ̀rọ̀ kéékèèké kan wà tí ojú ń fò kọjá, àwọn gígùn sì wà tí ó ń dúró lé lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó fi hàn ibi tí òǹkà inú àwọn ohun èlò yẹn ti ń wá. Ojú ẹni tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì ni. Kì í ṣe ojú àbúrò ìyá mi.

Kí ni ọ̀rọ̀ pàápàá? Àwa ni ìbéèrè yìí tọ́ sí. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ojú dán kíka ìwé wò ní èdè 17, wọ́n rí 228 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan fún Gẹ̀ẹ́sì àti 161 fún èdè Finland. Ṣé àwọn ará Finland lọ́ra ni? Rárá o. Ọ̀rọ̀ wọn ni ó gùn. Bí a bá ka lẹ́tà dípò ọ̀rọ̀, àwọn kò kẹ́yìn. Nínú èdè 17 yẹn, kò sí èyí tí ó jẹ́ ti àwa tí ń bẹ ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹ wá wo tiwa. Àkọtọ́ ti 1974 ní Nàìjíríà ní kí á kọ nígbà tí ní ọ̀rọ̀ méjì; àwọn àgbà tí ó kọ́ ìwé ṣáájú rẹ̀ ń kọ ọ́ pọ̀ ní ẹyọ kan. Ìró kan náà, ìtumọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Bí ẹ bá fi ìtàn kan náà fún ohun èlò yẹn ní àkọtọ́ méjèèjì, ìṣẹ́jú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò bù fún yín. Òǹkà sílébù ni ìbá sàn jù fún wa, pàápàá fún ohun tí a ó kà sókè, nítorí pé ẹnu kì í fo sílébù bí ojú ti ń fo ọ̀rọ̀. Ti ẹkún tí ó ń dá àbúrò ìyá mi dúró ní gbogbo ìpínrọ̀ kejì, ìyẹn kò sí òǹkà tí ó lè mú un.

Javal tún ṣàkíyèsí ohun kan tí ẹ lè dán wò lórí ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Ó ní ìdajì òkè lẹ́tà ni ó ń sọ fún ojú ohun tí lẹ́tà jẹ́. Ẹ fi bébà bo ìdajì ìsàlẹ̀ ìlà kan. Ẹ ó ṣì lè kà á. Ẹ wá bo ìdajì òkè. Ẹ ó rí i pé ó di àlọ́. Lẹ́tà Faransé ni ó ń rò. Ṣùgbọ́n níbo ni àmì tí ó ya ẹ kúrò lára e wà ní Nàìjíríà? Nísàlẹ̀. Ti ọ àti ṣ pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá tún fàlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, àmì ọ̀hún ti wọlẹ̀. Ní ìhà tiwa ní Togo, àti ní Benin lẹ́yìn àkọtọ́ ti 1975, a yàn láti yí ara lẹ́tà padà: ɛ àti ɔ ni a ń kọ. N kò mọ bóyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó yàn bẹ́ẹ̀ ka Javal rí, ṣùgbọ́n bí ó bá wà láàyè, ọ̀dọ̀ wa ni ìbá gbè sí. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ má bínú.

Mo ti ń sá fún ibi tí ó kàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ ojú àwọn ẹlòmíràn ní àìsàn ojú tí a ń pè ní glaucoma. Ó kọ́kọ́ gba ojú kan lọ. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú èyí tí ó kù, ó sì mọ̀ dájú, ju aláìsàn mìíràn lọ, ohun tí ó ń bọ̀. Ní 1900 èkejì fọ́. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó fi yàrá ìwádìí sílẹ̀. Marius Tscherning, ọmọ Denmark tí ó ti ń ràn án lọ́wọ́, bọ́ sí ipò rẹ̀.

Kò jókòó sunkún. Ní 1903 ó tẹ ìwé kan jáde fún àwọn tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, Entre aveugles, èyí tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1905. Kì í ṣe ìwé ìtùnú. Ó kọ bí ènìyàn yóò ṣe máa jẹun, bí yóò ṣe máa rìn, bí yóò ṣe máa kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ìlà kan gun orí èkejì. Ó ṣe pátákó kan fún èyí. Ó gba irú wọn níyànjú láti máa gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ènìyàn méjì ń wà pọ̀, kí ara má baà dì. Ó kọ́ Braille pẹ̀lú ìka tí ó ti darúgbó. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyára ìwé kíkà ti wá di ti ara rẹ̀. Ojú a máa mú ọ̀pọ̀ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìka a máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó máa ń kà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń gbà á ní àkókò gígùn, ó sì ń wá ọ̀nà tí a fi lè dín lẹ́tà kù fún afọ́jú kí ìka má baà rìn jù. Ní 1905, nígbà tí kò lè rí ojú ìwé kan nínú rẹ̀, ìwé rẹ̀ tí ó kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwé kíkà àti ìwé kíkọ jọ jáde.

Ìrònú yìí kan náà ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn elédè Esperanto. Ìwé Braille a máa tóbi, a sì máa wọ́n. Orílẹ̀-èdè kékeré kò lè tẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí àwọn afọ́jú gbogbo ayé bá ní èdè kan tí ó rọrùn láti kọ́, ìwé kan yóò sìn wọ́n káàkiri. Javal gba èdè náà tọkàntọkàn, ó ná owó lé e, ó sì ń kọ lẹ́tà sí Ludwik Zamenhof tí ó dá a sílẹ̀, ẹni tí òun náà jẹ́ dókítà ojú ní Warsaw. Ṣùgbọ́n ohun kan ń bí Javal nínú. Zamenhof fi àmì sórí lẹ́tà mẹ́fà: ĉ, ĝ, ĥ, ĵ, ŝ àti ŭ. Javal ní àmì wọ̀nyí ń rẹ ojú, wọ́n ń dí ìwé kíkà lọ́wọ́, wọ́n sì ń da àwọn onítẹ̀wé láàmú. Kí Zamenhof yọ wọ́n kúrò. Ó rọ̀ ọ́, ó tún rọ̀ ọ́. Zamenhof ronú sí i, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù pé bí òun bá ṣí ilẹ̀kùn fún àtúnṣe kan, olúkúlùkù yóò mú tirẹ̀ wá, èdè náà yóò sì túká. Kò yọ wọ́n.

Nígbà tí mo ka èyí, àbúrò ìyá mi ni mo rántí, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn tí mo tò sórí ìwé náà bí ìlẹ̀kẹ̀. Ṣé èmi ni mo dí wọn lọ́wọ́? Ó ṣeé ṣe. Ní 1999 Steven Bird tẹ ìwádìí kan jáde láti Cameroon, lórí èdè Dschang, níbi tí àwọn tí wọ́n mọ ìwé kà ti ka ọ̀rọ̀ alámì ohùn àti èyí tí kò ní. Àwọn àmì náà dín ìyára wọn kù, wọn kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ bí a ti rò. Ní Togo wa níbí, àkọtọ́ Kabiyè kì í kọ àmì ohùn rárá, àwọn onímọ̀ sì ti dán onírúurú ọ̀nà wò lórí rẹ̀. Síbẹ̀ n kò lè tẹ̀ lé Javal dé òpin. Ojú ni ó ń rò, kò ro èdè. Bí Zamenhof bá yọ fìlà orí ĉ, ó lè fi lẹ́tà mìíràn rọ́pò rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò ṣègbé. Bí èmi bá yọ àmì orí igba, igbá, ìgbà àti igbà, ẹ̀yin lẹ ó máa bá mi wá igbá tí mo fẹ́ fi bu omi láàárín igba. Orúkọ ìyá wa pàápàá, bí wọ́n bá kà á láìsí àmì, orúkọ ẹlòmíràn ni. Ohun tí mo lè gbà lọ́wọ́ Javal ni pé kí á dín àmì kù síbi tí kò ti wúlò, kí á sì fún òǹkàwé tuntun ní àkókò tí ó pọ̀ ju ti ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n kà.

Javal kò rí òpin àríyànjiyàn náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1907 ni ó kú ní Paris, ẹni ọdún 67. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ìgbìmọ̀ kan tí yóò yan èdè kan fún gbogbo ayé péjọ ní ìlú rẹ̀ gan-an, wọ́n ní àwọn yóò gba Esperanto bí wọ́n bá lè tún un ṣe, láti inú rẹ̀ sì ni èdè mìíràn ti jáde, Ido, tí kò ní àmì kankan lórí lẹ́tà rẹ̀. Ohun tí Javal ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Àwọn tí ń sọ Ido kò pọ̀ rárá lónìí. Àwọn elédè Esperanto ní tiwọn kò yéé fi fìlà dé lẹ́tà mẹ́fà náà.